Èrè Wo Ni Eríàlì Jẹ?

Àwọn kan ti ń kọ ọ́ pé "èrè eríàlì" ló ń jẹ́ kí Wi-Fi rìn jìnnà. Ọjà wo ni eríàlì tà? "Gain" ni ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò wo eríàlì rárá.

Ráútà, wáàtì, eríàlì: kí wọ́n máa wọ inú Yorùbá bí wọ́n ṣe wà, bí rédíò ṣe wọlé. Désíbẹ̀lì náà, orúkọ Alexander Graham Bell ló wà ní ìdí rẹ̀, a kì í sì í túmọ̀ orúkọ èèyàn. Ìgbì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Agbára ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́", tí wọ́n ń pe agbára tí ráútà fi ń rán ìgbì jáde, ni mi ò lè gbé mì. Ohùn nìkan kọ́ ni ráútà ń gbé. Yàtọ̀ sí èyí, rédíò ń sọ̀rọ̀ láì dúró gbọ́ ìdáhùn, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ráútà ń sọ, ó sì ń gbọ́. Bí oníkáfè kan l'Ísẹ́yìn bá ti agbára ráútà rẹ̀ sókè kọjá ààyè, fóònù tó wà lókèèrè á gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n agbára fóònù kéré, èsì rẹ̀ kò ní í débẹ̀. Ráútà ọ̀hún ti di asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn! Agbára ìfọ́nsáfẹ́fẹ́ ni èmi fara mọ́: fọ́n, tí à ń lò fún irúgbìn, kò bèèrè bóyá ohùn ni tàbí àwòrán.

Ó wá ku "èrè". Eríàlì kì í dá agbára kankan sílẹ̀. Ṣe ló ń kó ti ráútà sójú kan, bí ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu láti pe ará oko. Ìkósójúkan, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ní ó gùn, kó ka ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wò. Ẹni tó gbọ́ "èrè" á rò pé ọ̀fẹ́ ni, pé òfin kò kà á. Òfin ń kà á. Ní 2.4 GHz, Amẹ́ríkà fàyè gba wáàtì 1 láti ẹnu ẹ̀rọ, pẹ̀lú eríàlì tí ìkósójúkan rẹ̀ jẹ́ désíbẹ̀lì 6. Ìyẹn sọ ọ́ di nǹkan bíi wáàtì 4. Yúróòpù ka tẹ̀rọ-teríàlì pọ̀, ó fi mílíwáàtì 100 ṣe òpin. Ní Nàìjíríà níbí, Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ló fi àbójútó ìgbì sọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀.

Òpin yìí làwọn kan ń pè ní "ààlà agbára". Ní Òkè-Ògùn, a mọ ààlà: ó wà láàárín oko méjì, ó wà láàárín apá Ṣakí àti orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ìgbì kò gbọdọ̀ fo ọgbà. Fífò ni yóò fò, pàápàá nínú ọ̀dàn tí igi kò dí. Kì í ṣe ibi tí ìgbì dé ni òfin ń wọ̀n bí kò ṣe bó ṣe le tó nígbà tó ń jáde. Gbèdéke ló yẹ ẹ́, bí àwọn oníròyìn bá lè yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ di ti ọjọ́ nìkan.