Podcast kò wọlé sórí fóònù yín? Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò kí ẹ tó tún ra dátà

Ní Monrovia, olú ìlú orílẹ̀-èdè Làìbéríà, rédíò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń gbọ́ ìròyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà ní Waterside, tàbí ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá dúró láti Paynesville sí àárín ìlú, kì í lè dúró de àkókò tí ètò tó fẹ́ràn yóò bọ́ sórí afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni podcast ti wúlò: ètò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, tí olùgbọ́ lè wà jáde sórí fóònù rẹ̀, kó sì gbọ́ ọ nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, yálà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà tàbí kò sí. Fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀, ó tún jẹ́ ọ̀nà láti máa gbọ́ èdè ilé.

Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ètò náà kò bá wọlé tán. Àmì kékeré inú áàpù náà yóò máa yí, yóò dúró lágbedeméjì, fóònù yóò sì sọ pé kò ṣeé ṣe. Owó tí ẹ fi ra dátà, ìbáà jẹ́ dọ́là Làìbéríà tàbí dọ́là Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń ná níbẹ̀, ti bá a lọ. Bí ẹ bá tún un tẹ̀, àwọn áàpù kan yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì san owó ètò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ó sàn kí ẹ kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀.

Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, àbí fóònù?

Ẹ ṣí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò ṣí rí. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé fóònù lè ti tọ́jú ojú ewé tí ẹ máa ń ṣí, kó sì gbé e jáde bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Bí ojú ewé tuntun náà bá ṣí, tí podcast kò sì wọlé, fóònù tàbí áàpù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí kò bá ṣí, ẹ bi ẹni tó ń lo ilé iṣẹ́ míì léèrè. Lonestar Cell MTN àti Orange ni ilé iṣẹ́ fóònù méjì tó gbajúmọ̀ jù ní Làìbéríà. Bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́ tí èkejì kò ṣiṣẹ́, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Bí méjèèjì bá dákẹ́, ìṣòro náà lè jìnnà sí yín púpọ̀. Abẹ́ òkun ni ọ̀pọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì Làìbéríà ti ń wá, nípasẹ̀ wáyà tí wọ́n ń pè ní ACE, tó gba etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kọjá láti ilẹ̀ Faransé. Ọdún 2011 ni wáyà náà gúnlẹ̀ sí Monrovia. Ṣáájú rẹ̀, sátẹ́láìtì ni orílẹ̀-èdè náà gbára lé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, ACE àti àwọn wáyà míì bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Làìbéríà àti Nàìjíríà wà lára wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù tí yóò mú podcast wọlé. Ètò tí ẹ ti wà jáde tẹ́lẹ̀ nìkan ni ẹ ó rí gbọ́.

Ìlẹ̀kùn tí fóònù fúnra rẹ̀ tì

Ibi tí ìṣòro pọ̀ sí jù nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Àwọn tó ṣe áàpù podcast mọ̀ pé dátà wọ́n, nítorí náà wọ́n sábà máa ń ṣètò rẹ̀ láti ilẹ̀ pé kó má ṣe wa ohunkóhun jáde àfi lórí Wi-Fi. Irú ìdènà bẹ́ẹ̀ wà nínú Spotify, Apple Podcasts àti AntennaPod. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó ṣe é rò pé Wi-Fi wà nínú gbogbo ilé. Ẹni tó ń gbé ní Duala tàbí New Kru Town lè má ní i rárá, áàpù náà yóò sì máa dúró de ohun tí kò ní dé. Ẹ wọ Settings ti áàpù náà, kì í ṣe ti fóònù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba "mobile data" tàbí "cellular", kí ẹ sì gbà á láàyè.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo Settings ti fóònù. Lórí Android, Data Saver kì í jẹ́ kí áàpù lo dátà nígbà tí kò bá sí lójú fóònù. Battery Saver náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí sì kan Monrovia gan-an. Ogun ba ibùdó iná mọ̀nàmọ́ná Mount Coffee tó wà lórí odò St. Paul jẹ́ ní 1990. Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ló tó padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí odò náà bá sì fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, agbára rẹ̀ máa ń dín kù. Kò yani lẹ́nu bí ènìyàn bá fi Battery Saver sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n bí ojú fóònù bá ti ṣókùnkùn, podcast tó ń wọlé lè dúró níbẹ̀. Ẹ pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí kí ẹ lọ sí abala Battery ti áàpù náà kí ẹ yan "Unrestricted".

Àyè, ọjọ́ àti áàpù tó ti kú

Ètò ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n ṣe ní 128 kbps máa ń gba nǹkan bíi 29MB, ìyẹn sún mọ́ 1MB fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Fóònù tí àyè rẹ̀ kù díẹ̀ lè kọ̀ ọ́ kí àyè náà tó tán pátápátá. Fídíò WhatsApp ni kí ẹ kọ́kọ́ pa rẹ́. Bí ẹ bá ti yọ mẹ́mórì káàdì tí áàpù náà ń kó nǹkan sí, ẹ sọ fún un kó máa kó o sínú fóònù.

Ẹ wo ọjọ́ àti aago pẹ̀lú. Fóònù máa ń fi ọjọ́ yẹ ìwé ẹ̀rí ààbò ibi tó ti ń gba nǹkan wò; bó bá rò pé ọdún 2015 la wà, kò ní gbà pé ìwé ẹ̀rí náà tọ́, kò sì ní wa nǹkan kan jáde.

Ní ti Google Podcasts, Google ti pa á ní 2024. Bí àwòrán rẹ̀ bá ṣì wà lórí fóònù àtijọ́ yín, kò sí àtúnṣe tó lè jí i. Ẹ wá ètò náà lórí áàpù míì. Bó bá jẹ́ ètò kan ṣoṣo ló kọ̀ tí àwọn yòókù ń wọlé, àwọn tó ni ín lè ti yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ yín, kí ẹ tún wá a bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Bí Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ lẹ ń lò, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa dúró de orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà yín níbẹ̀, kí áàpù má sì sọ fún yín.

Ẹ má ṣe yára yọ áàpù kúrò lórí fóònù o. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe èyí ṣáájú ohun gbogbo, tí gbogbo ètò tí wọ́n ti fi dátà wà jáde yóò sì parẹ́ mọ́ ọn. Bákan náà ni "Clear storage" ṣe ń ṣe. "Clear cache" ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, nítorí pé ohun tí áàpù kó pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ nìkan ló máa ń kó dànù.

Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì ti ní fáìlì ètò náà lórí Android tirẹ̀, ó lè fi Quick Share gbé e ránṣẹ́ sí fóònù yín níbi tí ẹ jọ jókòó sí. Kò ní gba dátà kankan.