"Mọ̀" àti "Gbàgbọ́" ní Yunifásítì Ifẹ̀: Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ Fìlọ́sọ́fì Ń Kọ́

Bí a bá béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fìlọ́sọ́fì ń kọ́ ní yunifásítì, ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé ó ń kọ́ bí a ṣe ń ronú jinlẹ̀. Ìdáhùn yìí kò kún tó, nítorí kò sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí kì í fọwọ́ sọ̀yà pé òun náà ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan tí a ṣe ní Yunifásítì Ifẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ tó yí padà ní 1987, lè mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere sí i.

Plato, Descartes àti Hume ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fìlọ́sọ́fì kọ́kọ́ ń kà ní àwọn yunifásítì wa, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìlú Ọba. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo, ẹni tó dá jọ́nà Second Order sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1972, kò kẹ́yìn sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òun àti Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń kọ́ni, mú ìbéèrè kan nínú Word and Object, ìwé tí W. V. O. Quine kọ ní 1960: kí ló mú un dá wa lójú pé ìtumọ̀ wa láti èdè kan sí òmíràn tọ̀nà, nígbà tí ìtumọ̀ mìíràn lè bá gbogbo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ mu bákan náà? Ìwé atúmọ̀ èdè fi "mọ̀" túmọ̀ know, ó sì fi "gbàgbọ́" túmọ̀ believe. Ṣé wọ́n dọ́gba lóòótọ́?

Wọ́n tọ àwọn oníṣègùn kan lọ ní ilẹ̀ Èkìtì, kì í ṣe nítorí egbòogi, bí kò ṣe nítorí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀. Àbájáde rẹ̀ wà nínú Knowledge, Belief and Witchcraft, tó jáde ní 1986. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Ẹni tó dúró létí odò Ọ̀ṣun tó rí i pé ó kún mọ̀ pé odò kún; ẹni tí awakọ̀ sọ ọ́ fún gbà á gbọ́ ni, bó ti wù kí awakọ̀ náà jẹ́ olóòótọ́ tó. Bí òun náà bá lọ wò ó, ìgbàgbọ́ rẹ̀ di ìmọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò pààlà síbẹ̀: ẹni tó ka ìwé tó ṣeé fọkàn tán lè fi know ròyìn ohun tó kà.

Àwọn onímọ̀ àṣà kan ti máa ń kọ ọ́ pé àwùjọ tí kò ní ìwé kì í yẹ ọ̀rọ̀ baba ńlá wọn wò. Bí ààlà yìí bá tọ̀nà, ọ̀rọ̀ àgbà gan-an ló bọ́ sábẹ́ ìgbàgbọ́, ìyẹn ohun tí a ṣì lè dán wò. (Ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ti sọ "ìgbàgbọ́" di orúkọ ara rẹ̀, ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò lónìí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ìyẹn.)

Peter Bodunrin ti Ìbàdàn kọ ọ́ ní 1981 pé kíkó èrò àwùjọ jọ kò tíì di fìlọ́sọ́fì, àfi kí ènìyàn gbé àlàyé tó nídìí kalẹ̀, kí ó sì yẹ ti ẹlòmíràn wò. Sophie Oluwole, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, rí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ nínú ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀. Ní tèmi, ìkìlọ̀ Bodunrin wúwo, ṣùgbọ́n kò ba iṣẹ́ Ifẹ̀ jẹ́: ìlò ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn ni a yẹ̀ wò níbẹ̀, a kò kàn gba èrò wọn wọlé bí òótọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan akẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Èkìtì wọn ohun tó kọ sílẹ̀ ní kíláàsì, ìgbàgbọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀: olùkọ́ sọ, ó gbọ́, ó gbà. Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé Descartes sọ báyìí-báyìí kò tíì kúrò ní ìpele yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó tún àlàyé Descartes tọ̀ fúnra rẹ̀, láti ìpìlẹ̀ dé ìparí, tó rí ibi tí ìgbésẹ̀ kan ti yẹ̀, ti fojú inú rí nǹkan. Ó lè má mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ó mọ̀ bóyá ìparí tẹ̀lé e. Òye yìí ni agbẹjọ́rò, akọ̀ròyìn àti ògbufọ̀ ń wá kiri. Bóyá àwọn oníṣègùn yóò ka ojú inú mọ́ ojú, ó ṣeé jiyàn lé.

Iṣẹ́ ṣì kù. Ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, Faransé ni èdè ilé-ìwé, èdè náà sì ní savoir àti connaître níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní know nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé ìbéèrè Sodipo àti Hallen lọ síbẹ̀ yóò bá ààlà mìíràn pàdé.