Ìtàn Bí Àwọn Oníṣòwò Èkó Ti Ń Yan Àwọn Tí Ń Kó Epo àti Èkùrọ́ Wá fún Wọn

Ìtàn tí a fẹ́ sọ kì í ṣe ìtàn ogun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun kò ní ṣàì yọjú níbẹ̀. Ìtàn òwò ni. A fẹ́ wádìí bí àwọn ilé ìtajà ńlá ti Èkó, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ti ń yan àwọn ènìyàn tí wọn yóò fi ọjà lé lọ́wọ́ lọ sí Ìkòròdú, Ejìnrìn àti Ẹ̀pẹ́; a sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹni tí wọ́n yàn, bóyá ó yẹ tàbí kò yẹ. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ilé bàbá ẹlòmíràn fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Èkó.

Nígbà náà, kò rọrùn fún òyìnbó oníṣòwò láti kúrò ní Èkó kí ó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ ra epo fún ara rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí àjèjì la ilẹ̀ wọn kọjá. Etí ọ̀sà ni wọ́n fi ṣe ààlà fún un. Epo tí ó ti Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ àti apá Ìbàdàn wá a máa dé Ìkòròdú ní orí alárù. Òmíràn a dé Ejìnrìn, ọjà ńlá tí ó wà létí ọ̀sà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, láti ibẹ̀ ni a sì ń fi ọkọ̀ kó o lọ sí Èkó. Òyìnbó ní aṣọ, iyọ̀, tábà, ọtí àti ẹ̀tù, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀nà. Àwọn ará ilẹ̀ ní epo, wọ́n sì ní ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Liverpool tàbí Hamburg. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó dúró láàárín àwọn méjèèjì ni alágbàtà, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Àwìn ni ìpìlẹ̀ òwò náà. Ilé ìtajà a kó ọjà fún alágbàtà láìgba kọ́bọ̀, òun a wa ọkọ̀ lọ, a pín in fún àwọn alájàpá àti àwọn obìnrin ọlọ́jà, lẹ́yìn oṣù mélòó kan a sì mú epo padà bọ̀. Bí ó bá sá, tàbí bí ó bá kú, tàbí bí ọ̀nà bá dí, ọjà di àwátì. Òyìnbó náà pàápàá, gbèsè ni ó jẹ nílé. Nítorí náà kì í ṣe epo ni ó kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ènìyàn ni. Ta ni bàbá rẹ̀? Ọkọ̀ mélòó ni ó ní? Ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún un? Ǹjẹ́ ó mú epo wá pé nígbà tí a fún un ní ọjà tẹ́lẹ̀? Ẹni tí ó bá san díẹ̀ dáadáa, wọn a fún un ní púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọlà ṣe ń wọlé tọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìparun sì ṣe ń wọlé tọ ẹlòmíràn.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, ipò ní ààfin ni wọ́n gbójú lé jù. Ẹfúnróyè Tinúbú súnmọ́ Ọba Akíntóyè pẹ́kípẹ́kí, àwọn oníṣòwò sì fi ọjà púpọ̀ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Akíntóyè kú ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ní 1856 Kọ́ńsù Benjamin Campbell mú kí a lé Tinúbú kúrò ní Èkó, gbèsè tí a ní ó jẹ àwọn òyìnbó sì wà nínú ẹ̀sùn tí a kà sí i lọ́rùn. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti di Ìyálóde ní 1864. Ní tiwa, a rò pé kì í ṣe òye òwò ni ó kù fún obìnrin náà. Ààfin ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ààfin sì ti yí padà.

Ọ̀ràn Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́ tún jọni lójú ju èyí lọ. Ní December 1851 ni ìbọn àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè ní Èkó. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù September 1854, tí Campbell, aṣojú ìjọba kan náà tí ó yin ìbọn, bá a dá májẹ̀mú ní Ẹ̀pẹ́, tí a sì gbà fún un láti máa ṣòwò ní Palma létí òkun. Kí ni ó fà á? Epo ń wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀tá ni ìwé ìjọba pè é; ẹni tí ń kó ọjà wá ni àwọn oníṣòwò mọ̀ ọ́n sí.

Lẹ́yìn tí Dòsùnmú fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù August 1861, òṣùwọ̀n mìíràn dé. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ará Èkó ní ìwé ilẹ̀, àwọn ilé ìtajà sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ìwé yìí sàn fún wọn ju onígbọ̀wọ́ lọ, nítorí onígbọ̀wọ́ lè kú, ilẹ̀ kì í kú. Alágbàtà a fi ìwé ilẹ̀ rẹ̀ dógò, a sì gba ọjà. Kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Lójú àwọn baba wa, ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ni ó wà lórí ìwé, ẹni náà sì lè fi orun àwọn àbúrò àti ọmọ rẹ̀ dógò fún aṣọ àti ọtí. Nígbà tí owó epo wálẹ̀ ní Yúróòpù ní nǹkan bí 1880 sí 1890, kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan ni kò lè san. Ohun mìíràn tún wà. Ará Ìkòròdú tàbí ará Ejìnrìn kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti fi sílẹ̀, bí ó ti wù kí epo rẹ̀ mọ́ tó. Ó ní láti gba ẹ̀yìn alágbàtà Èkó, kí ó sì fi èrè sílẹ̀ fún un.

Ọ̀nà dídí ni ohun kejì tí a fi ń dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Ní 1865 àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí ọ̀nà Rẹ́mọ tí Ìbàdàn ń gbà dé ọ̀sà. Ní ọjọ́ 29 oṣù March ọdún náà ni John Glover, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Gólóbà, kó ọmọ ogun láti Èkó lọ lé wọn. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ibùdó kò sì tú tán títí di 1893. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun kan ṣoṣo ni ìwé ìṣirò ilé ìtajà ń béèrè: epo dé ní àkókò, tàbí kò dé? Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ àti ẹni tí ó ta epo ní ìkọ̀kọ̀ fún ilé mìíràn, ojú kan náà ni ìwé náà fi ń wò wọ́n.

Epo ńkọ́? Epo Èkó ní orúkọ rere ní Liverpool, wọ́n sì ń sanwó jù fún un ju epo líle láti àwọn odò ìlà-oòrùn lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: àwọn obìnrin wa kì í jẹ́ kí ẹyìn rà pẹ́ kí wọn tó sè é, nítorí náà epo wọn kì í kan, kì í sì í dì bí ọ̀rá. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n mú kí òwò náà dára. Orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sí nínú ìwé ilé ìtajà. Síbẹ̀ ìréjẹ wà. Wọn a bu omi sínú epo, wọn a rẹ èkùrọ́ sínú omi kí ó lè wúwo, wọn a da èèpo rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wo ojú àgbá. Ọ̀pá ni yóò kì bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni omi ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ki ọ̀pá bọ àgbá òyìnbó? Àwọn ilé Hamburg kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó lọ́pọ̀lọpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye rẹ̀ fi wálẹ̀. Ẹni tí ó gba ẹyọ lówó epo rẹ̀ rí i pé owó náà ń yọ́ nínú àpò. Ohun tí ọlọ́jà lè ṣe kò ju pé kí ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé mìíràn. Àwọn Ìjẹ̀bú ní èyí tí ó lágbára jù, ìyẹn ni kí wọn ti ọ̀nà pa. Ìjà Ìmágbòn ti May 1892 ni ó gba ohun ìjà yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ ojú irin, tí ó dé Ìbàdàn, tí a sì ṣí ní 1901, bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù gba ẹ̀yìn Ìkòròdú àti Ejìnrìn lọ. Báǹkì ti dé Èkó nígbà náà. Àwọn ilé ìtajà ń dàpọ̀: ní 1929 ni United Africa Company bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé ńlá tí ń ra kòkó bá ara wọn ṣe àdéhùn ní 1937 lórí iye tí wọn yóò san àti ìpín tí olúkúlùkù yóò rà, ilé mìíràn tí ọlọ́jà lè gbé ẹrù lọ kò sí mọ́. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, di kòkó wọn mú, wọn kò tà á. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rán ìgbìmọ̀ Nowell ní 1938 láti wádìí ọ̀ràn náà.

Ní 1947 ni Ìgbìmọ̀ Títa Kòkó ti Nàìjíríà dé, ti epo sì tẹ̀lé e ní 1949. Ìgbìmọ̀ ni ó ń fún àwọn tí yóò máa bá a rajà ní ìwé àṣẹ, àwọn ayẹ̀wò ìjọba a sì yẹ ọjà wò kí ó tó lọ. Ní 1950 Ìgbìmọ̀ epo sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá mú epo wá, tí ìkan rẹ̀ kò ju 4.5 lọ nínú 100, yóò gba owó pàtàkì. Kò béèrè ìwé ilẹ̀, kò béèrè bàbá ẹni. Kí ó tó di 1960, irú epo bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí Ìgbìmọ̀ ń rà. Àwọn tí wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé àgbẹ̀ wa kò lè ṣe epo tí ó mọ́ kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Kì í ṣe pé Ìgbìmọ̀ kò ní àbùkù o. Owó tí ó dá dúró lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ pọ̀, ìjọba sì ná an sí ohun mìíràn.

Ní 1986 ìjọba pa àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí rẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó di olùra kòkó. Láìpẹ́, kòkó tí kò gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí wọ àpò, àwọn olùra òkè òkun sì dín owó tí wọ́n ń san lórí kòkó Nàìjíríà kù. Àwọn tí ń kó ọjà lọ sí òkè òkun tún bẹ̀rẹ̀ sí kó owó fún alágbàtà ṣáájú kí wọn tó rí ẹrù. Àwọn kan mú kòkó wá, àwọn kan sá lọ. Ilé ìtajà sì tún padà sí ìbéèrè tí a ń bi ará Ìkòròdú ní etí ọ̀sà nígbà ayé Gólóbà: ta ni yóò dúró fún ọ?