Fífò àti ìwọ̀n eré nínú géèmù orí pèpéle

Géèmù orí pèpéle ni eré fídíò tí ẹni inú rẹ̀ ń fò láti orí pèpéle kan bọ́ sórí òmíràn, tó ń fo kòtò, tó ń fo ọ̀tá. Donkey Kong, tí Shigeru Miyamoto ṣe fún ilé-iṣẹ́ Nintendo ní ilẹ̀ Japan lọ́dún 1981, ló sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Jumpman inú rẹ̀, tí a wá mọ̀ sí Mario, kì í yí ọkàn padà lókè: bó bá ti fò, ó di ibi tó kọjú sí. Bó bá sì já láti ibi tó ga jù ú lọ, ó kú nìyẹn.

Super Mario Bros. ló yí ọ̀rọ̀ padà lọ́dún 1985. Fọwọ́ ba bọ́tìnnì fẹ́ẹ́rẹ́, Mario á fò níwọ̀nba. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ga sí i. Bó bá ti sáré bọ̀, á tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣírí rẹ̀ ni pé òòfà ilẹ̀ inú géèmù náà kì í dúró lójú kan. Níwọ̀n ìgbà tí àtàǹpàkò ṣì wà lórí bọ́tìnnì tí Mario sì ń gòkè, òòfà á rọ̀ ọ́n lọ́rùn. Gbàrà tí a bá gbọ́wọ́ kúrò, á le, á sì fà á wálẹ̀ kíá. A tún lè darí rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ta ló ń fò tán tó tún ń ṣẹ́rí padà lókè? Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó dùn mọ́ ọwọ́ ni.

Ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ ń kọ́ni láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó ń lọ sí ìparí, àtẹ̀gùn méjì kojú síra, ilẹ̀ sì wà láàárín wọn: ẹni tó fò tí kò dé á kàn tún gùn ún ni. Síwájú díẹ̀, ó tún pàdé méjì mìíràn tó jọ wọ́n, àfi pé kòtò ló wà láàárín tiwọn.

Kì í ṣe gbogbo géèmù ló tẹ̀ lé e. Nínú Castlevania ti Konami (1986), Simon Belmont ń fò bí òkò tí a ti jù. Bí ọ̀tá bá kàn án, á ta á sẹ́yìn, nígbà mìíràn sínú kòtò. Ọ̀pọ̀ ló ń bú u nítorí èyí, wọn ò sì jàre tán: ìrìn rẹ̀ lọ́ra, ẹni tó di páàdì mú sì ráyè rò ó kó tó fò. Ní ti Prince of Persia (1989), Jordan Mechner ya fídíò àbúrò rẹ̀ tó ń sáré tó ń fò, ó wá fi ṣe àwòṣe. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ parí ìgbésẹ̀ kó tó gbéra, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 60 péré la ní fún gbogbo rẹ̀. Sonic ti Sega (1991) ń sáré débi pé ẹni tí kò mọ ọ̀nà lórí á máa forí sọ nǹkan.

Ìyára tí a fi ń padà lẹ́yìn ikú tún ṣe kókó. Super Meat Boy (2010) le bí ojú ẹja, àmọ́ ìpele rẹ̀ kúrú, ẹni tó kú sì ti dìde kí inú tó ráyè bí i. Bó bá yege, géèmù á fi gbogbo ìgbìyànjú rẹ̀ hàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: ogunlọ́gọ̀ ń sáré, gbogbo wọn ń kú, ó ku ẹyọ kan.

Celeste (2018), níbi tí Madeline ti ń gun òkè, ló lawọ́ jù. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò ní etí bèbè, ó ṣì lè fò fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Coyote time ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é, nítorí ẹranko inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó máa ń sáré kọjá bèbè, tí kì í já àfi bó bá wolẹ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì díẹ̀ kó tó balẹ̀, géèmù á rántí. Bí orí rẹ̀ bá kan igun pèpéle, á rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń gbá a kì í mọ̀, á rò pé ọwọ́ òun ló mọ́ iṣẹ́. A tún lè dín eré gbogbo kù títí dé ìdajì, orí òkè kan náà la ó sì dé.