Humble, Ìlú Epo, àti Ìṣirò Ọjọ́ Ọ̀la

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn onímọ̀ òde òní náà ní ohun tí wọ́n ń dá: ìṣirò ni. Wọ́n á kọ iye iná, epo, gáàsì àti igi ìdáná tí ìlú ń lò sílẹ̀, pẹ̀lú owó wọn àti èéfín tí wọ́n ń tú jáde. Wọ́n á wá bi kọ̀ǹpútà pé: bí a bá gba ọ̀nà yìí, níbo ni a ó já sí ní ogójì ọdún sí i?

Ìtàn ìṣirò yìí kan Humble, ìlú kékeré kan ní àríwá Houston, ní Amẹ́ríkà. Ní 1905, epo rọ̀bì tú jáde níbẹ̀. Lọ́dún náà nìkan, ohun tí wọ́n fà lé ní mílíọ̀nù 15 àgbá. Ní 1911, Ross Sterling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Humble Oil sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè é. Nígbà tó yá, ó bọ́ sábẹ́ Standard Oil ti New Jersey, tó yí orúkọ padà sí Exxon ní 1972.

Ilé iṣẹ́ yìí tètè mọ̀ nípa èéfín. Ní 1957, H. R. Brannon àti àwọn onímọ̀ mìíràn ní Humble Oil tẹ ìwádìí kan jáde, tó fi hàn pé kábọ̀n inú epo àti èédú ti ń dà pọ̀ mọ́ ti inú afẹ́fẹ́. Nígbà tó fi máa di 1982, àwọn onímọ̀ Exxon ti ṣírò fún àwọn ọ̀gá wọn bí ayé yóò ṣe gbóná tó. Ní 2023, Geoffrey Supran, Stefan Rahmstorf àti Naomi Oreskes fi àwọn ìṣirò ilé iṣẹ́ náà wé ohun tó ṣẹlẹ̀: ìpín 63 sí 83 nínú 100 ló bá a mu. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún 1990, iyèméjì ni ilé iṣẹ́ náà ń gbìn sí ọkàn ará ìlú. Wọ́n sẹ́ o; wọ́n ní àwọn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Àwọn ìjọba náà ń ṣírò. Lẹ́yìn ọ̀wọ́n epo 1973, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ra epo pawọ́ pọ̀ ṣe ìṣirò tí wọ́n ń pè ní MARKAL. Ọ̀wọ́n epo ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n fi ń wọn èéfín. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lò ó fún ètò 2003, tó fẹ́ kí èéfín kábọ̀n fi 60 nínú 100 dín kù kó tó di 2050. Ní 2010, wọ́n ṣe èyí tó rọrùn, tí ará ìlú lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí wò. Energy Commission of Nigeria ṣe irú rẹ̀ fún ilẹ̀ wa ní 2015.

Ní oṣù Kẹjọ 2022, Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ṣí ètò tuntun: tó bá di 2060, èéfín tí a ń tú jáde kò gbọdọ̀ ju èyí tí a ń mú kúrò lọ. Gáàsì ni yóò ṣe afárá, kí agbára oòrùn tó gbapò. Àfikún owó tí yóò ná wa tó bílíọ̀nù 410 dọ́là.

Ta ni yóò san án? Ṣé wọ́n ka jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa mọ́ ọn? Igi ìdáná ìyá olóúnjẹ ńkọ́? Àwa ò sọ pé ìṣirò náà kò dára. Ohun tí ìtàn Humble kọ́ wa ni pé ìṣirò tó péye kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní bí ó bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá nìkan. Babaláwo kì í dífá kó gbé ẹbọ náà pamọ́ fún ẹni tó wá dá a. Ẹ jẹ́ ká béèrè, ká mọ ohun tí a fẹ́ rú.