Ìlú Onígun Méjìdínlọ́gbọ̀n: Bí Àwọn Ará Tuskegee Ṣe Gba Ẹ̀tọ́ Ìdìbò Wọn Padà

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ oko mọ̀ pé olè ilẹ̀ kì í ru ilẹ̀ sálọ. Pẹ̀rẹ̀gún tí wọ́n fi pa ààlà ni yóò hú lóru, tí yóò sì lọ rì í síbi tó wù ú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, oko bàbá ẹni ti di ti ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Alabama, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe sí àwọn ènìyàn dúdú ìlú Tuskegee ní ọdún 1957.

Láti ọdún 1870 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé a kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ ara du ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni òfin, ọ̀tọ̀ ni ìwà àwọn tó di ìwé orúkọ mú. Ní Tuskegee, àwọn ènìyàn dúdú ló pọ̀ jù, síbẹ̀ àwọn òyìnbó ló ń ṣe ìjọba. Ọ̀gbẹ́ni Charles Gomillion, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí Booker T. Washington dá sílẹ̀ níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti forúkọ sílẹ̀ ní ọdún 1934. Ọdún 1939 ni wọ́n tó gbà fún un.

Nígbà tí orúkọ irú wọn ń pọ̀ sí i, ẹ̀rù ba àwọn tó wà lórí àga. Wọ́n ṣe òfin tuntun, wọ́n sì tún ààlà ìlú náà fà. Ìlú tó jẹ́ onígun mẹ́rin tẹ́lẹ̀ di onígun méjìdínlọ́gbọ̀n, ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Nínú nǹkan bí 400 olùdìbò tó jẹ́ ènìyàn dúdú, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló ṣẹ́kù sínú ìlú. Òyìnbó kan ṣoṣo kò bọ́ síta. Kò sí ẹni tó kó kúrò nílé rẹ̀. Ìlú ló kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọn kò sun ilé, wọn kò sì fọwọ́ lẹ́rán. Lábẹ́ ẹgbẹ́ tí Gomillion ń darí, wọ́n pinnu pé owó àwọn kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó ìlú mọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan sì kógbá wọlé. Wọ́n tún pe olórí ìlú, Lightfoot, lẹ́jọ́. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní òun kò lágbára lórí ọ̀rọ̀ ààlà. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà fara mọ́ ọn ní ọdún 1959. Wọn kò rẹ̀wẹ̀sì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, agbẹjọ́rò wọn, Fred Gray, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, gbé àwòrán ilẹ̀ ńlá kan lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ. Adájọ́ Felix Frankfurter bi í pé níbo ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà wà lórí àwòrán. Gray fi hàn án pé wọ́n ti tì í síta ìlú. Ó ya adájọ́ lẹ́nu. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé àwọn olùfisùn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbẹ́jọ́, nítorí ìjọba kò lè fi ààlà bojú kó fi gba ìbò lọ́wọ́ ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1961, òfin ọ̀hún di òfo, ìlú sì padà sí ààlà rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tó di ọdún 1964, ènìyàn dúdú ti wọ ìgbìmọ̀ ìlú náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ní ọdún 2023, Alabama kan náà tún jẹ̀bi ní ilé-ẹjọ́ yìí kan náà. Ènìyàn dúdú ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ ní ìpínlẹ̀ náà, síbẹ̀ nínú ẹkùn ìdìbò méje, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè yan ẹni tó wù wọ́n nígbà náà. Ẹni tó hú pẹ̀rẹ̀gún lẹ́ẹ̀kan lè padà wá hú u. Nítorí náà, ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ mọ ẹkùn ìdìbò yín, ẹ tọ́jú ìwé yín, kí ẹ sì máa yẹ ààlà yín wò lójúmọmọ.