Òkúta Kì í Gbàgbé Iná Tó Bí I

Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì epo pupa tó ti dúró sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lásìkò ọyẹ́. Epo kan ṣoṣo la rọ sínú rẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá yọjú wò ó, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti dì, ó ti ki. Èyí tó wà lókè ṣì ń ṣàn, ó pupa fòò. Ẹnikẹ́ni ò da epo méjì pọ̀. Òtútù ló pín ọ̀kan sí méjì.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó jọ èyí gan-an, àfi pé òkúta ni tiwọn, kì í ṣe epo. Báwo ni iná abẹ́ ilẹ̀ ṣe lè bí òkúta dúdú níbì kan, kó tún bí òkúta funfun níbòmíràn, nígbà míì lórí òkè oníná kan náà? Ṣé iná méjì ló wà ni, àbí ọ̀kan ṣoṣo tó ń yí padà?

Òkúta tó yọ́ lábẹ́ ilẹ̀ là ń pè ní magma. Tó bá tú síta lẹ́nu òkè oníná, ó di lava; tí lava bá tutù, ó tún di òkúta. Kò sẹ́ni tó lè lọ wo ibi tí magma ti ń yọ́. Ihò tó jìn jù lọ táwọn èèyàn tíì gbẹ́, ìyẹn ti Kola ní Rọ́ṣíà, kò ju kìlómítà 12 àti díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ magma ń ti ibi tó jìn ju ìyẹn lọ fíìfíì wá. Òkúta tó jáde yẹn ni ẹlẹ́rìí tá a ní. Àwọn èròjà inú rẹ̀ ló ń jẹ́rìí.

Ìjà àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ tíì dé orí ọ̀rọ̀ pé iná mélòó ló wà. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n ṣì ń jà lórí bóyá basalt, òkúta dúdú líle yẹn, jẹ́ ọmọ omi tàbí ọmọ iná. Abraham Gottlob Werner, olùkọ́ olókìkí ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakùsà ní Freiberg, Jámánì, ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé inú òkun àtijọ́ ni basalt ti rọlẹ̀, bí ògì ṣe máa ń rọlẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní ẹ̀rí kan tó dà bíi pé kò ṣeé já: tí wọ́n bá fi iná yọ́ basalt, tó bá tutù, gíláàsì ló ń dà, kì í padà di òkúta. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé iná ló bí i, kí ló dé tí iná ò lè tún un bí?

James Hall, ọmọ ilẹ̀ Scotland, mọ ìdáhùn tó ṣeé ṣe. Ó ti gbọ́ pé ní ilé iṣẹ́ gíláàsì kan ní Leith, gíláàsì yíyọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó rọra tutù ti di nǹkan bí òkúta. Àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ nínú ìmọ̀, James Hutton, tó gbà pé iná abẹ́ ilẹ̀ ló bí basalt, kórìíra kí èèyàn máa wo ìsàlẹ̀ ìkòkò kékeré kan kó wá máa fi ìyẹn ṣèdájọ́ ohun tí ayé ń ṣe. Hall bọ̀wọ̀ fágbà. Ẹ̀yìn tí Hutton kú ní 1797 ló tó mú ọ̀rọ̀ náà ní òkúnkúndùn. Ní 1798, ó sọ èsì rẹ̀ fún Royal Society ti Edinburgh: òkúta dúdú agbègbè rẹ̀ àti lava láti ilẹ̀ Ítálì ń di gíláàsì tí wọ́n bá tutù kíákíá, wọ́n sì ń di òkúta oníhóró tí wọ́n bá rọra tutù. Robert Kennedy, oníṣègùn, wá yẹ èròjà wọn wò, ó sì rí i pé ohun tó wà nínú òkúta Scotland náà ló wà nínú lava. Omi pàdánù ẹjọ́ náà díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí iná wá borí, ìbéèrè tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ dìde: iná mélòó?

Èèyàn mọ Charles Darwin mọ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti alápá, àmọ́ òkúta ló gba ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ nígbà tó dé erékùṣù Galápagos ní 1835. Níbẹ̀ ó rí lava kan tí hóró feldspar pọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ju òkè lọ. Nínú ìwé tó ṣe lórí àwọn erékùṣù oníná ní 1844, ó sọ pé bóyá ṣe ni hóró tó kọ́kọ́ dì ń rì sísàlẹ̀, tí ohun tó ṣẹ́ kù lókè á sì wá yàtọ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì epo náà ni.

Robert Bunsen ò gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Bunsen tí orúkọ rẹ̀ wà lára iná tí ẹ lò ní yàrá kẹ́mísírì nílé ẹ̀kọ́. Ó lọ sí Iceland ní 1846, ọdún kan lẹ́yìn tí òkè Hekla bú gbàmù, ó sì kó òkúta bọ̀ wá sílé láti yẹ̀ wò. Ohun tó ń wọ̀n jù ni silica, èròjà tó kún inú yanrìn. Ó rí àwọn òkúta dúdú tí silica wọn jẹ́ nǹkan bí 48 nínú 100, ó rí àwọn funfun tí tiwọn lé ní 76, ó sì rí àwọn tó wà láàárín. Ní 1851 ó gbé ìdájọ́ rẹ̀ jáde: magma méjì ló wà lábẹ́ ilẹ̀, gbogbo èyí tó kù sì jẹ́ àpòpọ̀ méjèèjì.

Ẹni tó mú ìjà náà kúrò lẹ́nu lásán ni Norman Bowen, ọmọ Kánádà tí wọ́n bí ní Kingston ní 1887, tó ṣiṣẹ́ ní Geophysical Laboratory ti Carnegie Institution ní Washington. Ó máa ń kó èròjà òkúta sínú ike platinum kékeré, á yọ́ wọn nínú iná tó lé dáadáa ní 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á mú ooru náà wálẹ̀ dé ibi kan pàtó, á sì fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, á jù ú sínú mercury tútù lẹ́ẹ̀kan náà. Òtútù òjijì yẹn á dá gbogbo nǹkan dúró níbi tó dé: hóró tó ti dì á wà bẹ́ẹ̀, èyí tó ṣì jẹ́ omi á di gíláàsì. Bó ṣe ń ṣe é léraléra nìyẹn, tó fi dà bí ẹni tó ń ya fọ́tò magma níbi tó ti ń dì.

Èsì tó gbé jáde ní 1915 fi hàn pé hóró olivine máa ń rì sísàlẹ̀ ike lóòótọ́. Kí ló wá kan silica? Ẹ ronú àdàlú. Tí ọmọdé kan bá jókòó tì í, tó ń ṣa àgbàdo inú rẹ̀ jẹ, ẹ̀wà tó wà nínú abọ́ ò pọ̀ sí i, àmọ́ ní ìwọ̀n ohun tó kù, ẹ̀wà ló máa gba abọ́. Silica inú olivine kéré sí ti basalt. Gbogbo olivine tó bá rì ń kó magnesium àti irin lọ, silica sì ń gbilẹ̀ nínú èyí tó kù. Láti inú omi dúdú, ẹ lè dé orí òkúta funfun láìsí iná kejì. Bowen kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé tó jáde ní 1928, tó pè ní *The Evolution of the Igneous Rocks*. Lẹ́yìn náà, Lawrence Wager àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Skaergaard, Greenland, níbi tí magma kan ti dì sábẹ́ ilẹ̀ ní àdì-lé-àdì, ìpele lórí ìpele. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ike ti ṣẹlẹ̀ nínú ayé.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ ṣá. Ìṣòro kan kù, Bowen fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó tú u síta. Ìwé tí òun àti O. F. Tuttle jọ kọ lórí granite jáde ní 1958, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Granite ni irú òkúta tí ẹ rí ní Olúmọ àti ní òkè Ìdànrè, ó sì kún fún silica. Ohun tí ìwé náà fi hàn ni pé omi tó máa ń ṣẹ́ kù kẹ́yìn tí magma bá ń dì jọ omi tó máa ń kọ́kọ́ yọ́ jáde tí òkúta bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹni tó bá dúró ti mọ́là tó ń yan súyà á yé: ọ̀rá ló kọ́kọ́ ń yọ́, ẹran ń dúró. Nítorí náà, tí ẹ bá mú òkúta funfun kan dání, ìwọ̀n silica rẹ̀ nìkan ò lè sọ fún yín bóyá ó jẹ́ ìyókù basalt tó ti dì, tàbí ọ̀rá èèpo ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́. Ẹlẹ́rìí náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀ méjì.

Ohun tó wá dà bí ilà ojú ni wọ́n ń wá. Èèyàn lè sanra, ó lè rù, ilà tí wọ́n kọ fún un ò ní tìtorí ìyẹn yí padà. Nínú òkúta, strontium ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Oríṣi rubidium kan, rubidium-87, ń rọra di strontium-87, ó sì ń pẹ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ orí ayé lọ. Rubidium pọ̀ nínú èèpo ilẹ̀ àtijọ́ tá a ń tẹ̀, ó kéré nínú ìpele gbígbóná nínípọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà strontium-87 á pọ̀ sí i nínú èèpo bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Yíyọ́ àti dídì ò sì ń ba ìṣirò yẹn jẹ́. Ní 1964, Paul Gast, George Tilton àti Carl Hedge lo strontium àti òjé láti yẹ òkúta erékùṣù Ascension àti Gough wò, àárín òkun Atlantic ni méjèèjì wà, wọ́n sì rí i pé ilà wọn ò bára mu. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà níbi gbogbo.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá nílé. Ìlà àwọn òkè oníná kan wà tó bẹ̀rẹ̀ látinú òkun ní erékùṣù Annobón, ó gba São Tomé àti Príncipe kọjá, ó gba Bioko, ó gun òkè Cameroon, tó ga ju 4,000 mítà lọ, ó sì wọ Nàìjíríà títí dé òkè Biu ní ìpínlẹ̀ Borno. Ìdajì rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ òkun tó fẹ́lẹ́, ìdajì wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà tó nípọn, tó ti gbó. Tó bá jẹ́ pé inú èèpo ilẹ̀ ni magma ti ń wá, ó yẹ kí apá méjèèjì yàtọ̀ gan-an. Ní 1985, Fitton àti Dunlop gbé èsì ìwádìí wọn jáde: basalt inú òkun àti basalt orí ilẹ̀ jọ ara wọn débi pé èèyàn ò lè fi èròjà wọn mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ìyá kan náà ló bí wọn, ìyá náà sì wà nísàlẹ̀ ju èèpo méjèèjì lọ. Ní Biu, lava tiẹ̀ gbé èérún òkúta ìsàlẹ̀ yẹn gòkè wá, olivine aláwọ̀ ewé tó ń dán, bí ẹni mú erùpẹ̀ ìlú rẹ̀ dání wá sí àjò.

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn mí? Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, 1986, gáàsì carbon dioxide tú jáde nínú adágún Nyos, tó wà lórí ìlà yìí kan náà ní Cameroon. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó rọ́ wọ àwọn àfonífojì, ó sì pa èèyàn tó lé ní 1,700, àtẹran ọ̀sìn lọ súà. Ọ̀pọ̀ wọn, ojú oorun ni wọ́n gbà lọ. Ọdún méjì ṣáájú, adágún Monoun ti pa èèyàn 37.

Iyàn tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní òkè oníná ló bú gbàmù lábẹ́ omi náà. Àwọn míì ní rárá, gáàsì ti ń kóra jọ sísàlẹ̀ adágún díẹ̀díẹ̀ ni, títí omi ò fi lè gbà á mọ́. Iyàn ẹnu lásán kọ́ rèé o, torí tó bá jẹ́ pé ìbúgbàmù ni, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí wọ́n kó èèyàn kúrò. Kẹ́mísírì ló dá ẹjọ́ náà. Omi ìsàlẹ̀ adágún ò gbóná bó ṣe yẹ, sulphur àti chlorine ò pọ̀ nínú rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí ó rí tí iná bá bú níbẹ̀. Síbẹ̀, helium tó bá gáàsì náà rìn jẹ́ irú èyí tó ń bá magma bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Magma ni bàbá gáàsì náà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òjijì ló rán an wá. Ó ń rọra yọ́ wọlé ni.

Nítorí pé ó ń rọra wọlé, ó ṣeé rọra tú jáde. Ní 2001, wọ́n ki páìpù gígùn kan bọ ìsàlẹ̀ adágún Nyos, omi àti gáàsì sì ń tú sókè láti inú rẹ̀ bí ìsun. Ní 2011, wọ́n fi páìpù méjì míì kún un. Ẹ̀bùn ọ̀nà jíjìn nìyẹn látọwọ́ àwọn tó jókòó ti ike kékeré, tí wọ́n ń wo hóró tó ń rì.

Àwọn òkè oníná Biu ti ń sùn láti ọjọ́ pípẹ́. Òkè Cameroon ò sùn ní tiẹ̀: ó tú lava jáde ní 1999 àti 2000. Òkúta wọn wà nílẹ̀ ní gbangba, wọ́n ń dúró de ọmọ tó máa kàwé wọn.